Ó Gbẹ àbí Kò Gbẹ?

Bí Ọlọ́run bá bi èmi Láoyè, alàgbà ìjọ, pé ṣé mo gba Òun gbọ́, tí mo wá fèsì pé ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mò ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́sẹ̀, ṣé mo ti dáhùn? Títí di òní n kò mọ̀. Monílọ́lá ló kó mi sí i, òun náà kò sì mọ̀.

Ọdún 1998 ni, ìjọba ológun, epo bẹntiróòlù ń wọ́n bí ojú. Ìyanṣẹ́lódì ti ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ pa, ló bá gbé kọ̀ǹpútà àlòkù kan àti fọ́tókọ́pì ìwé Java, èdè tí wọ́n fi ń pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà, wálé sí Odigbo. Bàbá rẹ̀, Olúrótìmí, wo ẹ̀rọ náà títí.

“Ó di Sátidé, lójú ẹgbẹ́ àgbẹ̀. Kí ó mọ kòkó tó gbẹ yàtọ̀ sí tútù. Bí kò bá mọ̀ ọ́n, ọjọ́ Ajé lo máa lọ kọ́ṣẹ́ aránṣọ lọ́dọ̀ àǹtí rẹ ní Ore.”

Aránṣọ kẹ̀! Bọ́tìnnì kan ṣoṣo tí Monílọ́lá rán rí láyé, ó rán an mọ́ aṣọ ibùsùn.

Ó jókòó, ó kọ ọ́: if (omi). Omi yẹn ni ìwọ̀n omi inú kòkó. Èdè C tí wọ́n fi kọ́ ọ níléèwé máa ń gbà bẹ́ẹ̀. Nọ́ńbà yòówù tí kì í bá ti í ṣe òdo, “bẹ́ẹ̀ ni” ló jẹ́ lójú rẹ̀. Java kọ̀ jálẹ̀. Kò tilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ó ní nọ́ńbà lèyí, òun kò lè sọ ọ́ di bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Monílọ́lá fẹ́ eruku ara ẹ̀rọ, ó gbàdúrà, ó gbààwẹ̀ títí di ọ̀sán. Pàbó.

Láàárọ̀ Jímọ̀, bàbá rẹ̀ dúró ti Jàmíátù, obìnrin tó ń bá wọn sá kòkó.

“Jàmíátù, ṣé kòkó yìí gbẹ?”

“Bàbá, ọjọ́ márùn-ún ló ti wà lóòrùn.”

“Mo bi ọ́ ní ọjọ́? Ó gbẹ àbí kò gbẹ?”

“Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo yí i lánàá, sà.”

“Ìyá onínọ́ńbà! Nọ́ńbà kọ́ ni mò ń bi ọ́!”

“Ó... ó gbẹ, sà.”

Ni Monílọ́lá bá fò sókè, ó dì mọ́ Jàmíátù, gèlè já bọ́ sórí kòkó. Ó sáré wọlé, ó kọ ọ́: if (omi <= 7). Ṣé omi náà kò ju méje lọ, ìwọ̀n tí omi inú kòkó gbígbẹ kì í kọjá? Ìbéèrè tó ní bẹ́ẹ̀ ni àti bẹ́ẹ̀ kọ́ nìyẹn! Java ṣiṣẹ́. Ọmọbìnrin náà jó yí ilé ká.

Lọ́jọ́ Sátidé, jẹnẹrétọ̀ ń hó. Wọ́n fi òṣùwọ̀n omi tí ẹgbẹ́ ní wọn kòkó Victor, ọ̀kan nínú àwọn àgbẹ̀: mẹ́fà. Ó GBẸ! Ariwo sọ. Ti Lydia, àgbẹ̀ mìíràn: mẹ́sàn-án. KÒ GBẸ.

“Ẹ̀rọ aláròká!” ni Lydia wí, ó ń rẹ́rìn-ín.

Olúrótìmí wá gbé tirẹ̀ sílẹ̀, àyà fífẹ̀. Jàmíátù rọra bọ́ sẹ́yìn èrò. Monílọ́lá wọ̀n ọ́n, ó tẹ mẹ́jọ. Ó wo ojú ẹ̀rọ, ó sì bu ètè jẹ. Bí bàbá bá pe ẹ̀rọ lónírọ́, abẹ́rẹ́ ń dúró dè é ní Ore.

“Kí ló wí? N kò mú awò ojú mi wá,” ni bàbá rẹ̀ wí.

Monílọ́lá yíjú sí èmi tí mo dúró tì í.

“Alàgbà, ọ̀rọ̀ yín ni wọ́n máa ń gbà. Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá mi kà á fún wọn.”

Mo wo KÒ GBẸ tó wà lójú ẹ̀rọ, mo wo Olúrótìmí, mo sì ní: “Mẹ́jọ ni.”