Orin Àǹtí Òyìnbó Tó Kọ̀ Tí Kò Tán

Mi ò kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Nílé wa ní Simawa, bí àlejò bá dé, ìyá mi ló ń bá wọn sọ̀rọ̀, èmi á máa yan gààrí mi lọ. Ìwé mẹ́fà ni mo kà. Síbẹ̀ mo wà nínú ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì wa, nítorí pé bí èèyàn púpọ̀ bá ń kọrin pọ̀, kò sẹ́ni tó ń gbọ́ ohùn ẹnì kan.

Olórí akọrin gbọ́ tèmi. Fọkanáísà ni lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì márosẹ̀, etí rẹ̀ sì mọ ohun tó ń jò.

"Ohùn rẹ dà bíi táyà tó ń jò díẹ̀díẹ̀," ló wí lójú gbogbo wa. "A ò rí ìṣó, a ò sì rí atẹ́gùn."

Ó wá ṣòfin. Akọrin tí kò bá tíì lé orin rí gbọ́dọ̀ lé ọ̀kan lọ́jọ́ ìkórè. Bí kò bá lé e, kó bọ́ aṣọ akọrin sílẹ̀, kó lọ dara pọ̀ mọ́ àwọn tó ń gbá ṣọ́ọ̀ṣì. Èmi nìkan ni kò tíì lé orin rí. Òfin náà kò dárúkọ mi.

Àsìkò yẹn ni obìnrin òyìnbó kan ń wá sí ṣọ́ọ̀ṣì wa. Ọkọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ kan lọ́nà Ṣàgámù. Jìtá ló máa ń gbé kọ́rùn. Ó ti gbọ́ Yorùbá díẹ̀, ṣùgbọ́n "ẹ" nìkan ni wọ́n kọ́ ọ, nítorí náà gbogbo ayé ló ń bọ̀wọ̀ fún, títí kan ewúrẹ́. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kúrò nínú ṣọ́ọ̀ṣì," ni yóò wí. Ewúrẹ́ á dúró.

Pásítọ̀ ní kí a pa orin tirẹ̀ pọ̀ mọ́ tiwa lọ́jọ́ ìkórè, kí ayé lè rí i pé ọmọ bàbá kan ni wá. Olórí akọrin so mí mọ́ ọn.

"Ẹ̀yin méjèèjì ni ohùn yín ò jáde. Ẹ lọ ran ara yín lọ́wọ́."

A ṣètò rẹ̀. Àǹtí òyìnbó á kọ ẹsẹ kan lédè wọn, ìlà ìparí nìkan ni yóò jẹ́ Yorùbá: "Àánú rẹ kò sùn." Yóò dákẹ́ díẹ̀, èmi á lé orin tiwa, àwọn akọrin á gbè é.

"Ẹ máa kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mélòó?" ló bi mí.

"Títí á fi tó, mà."

"Ta ló máa sọ pé ó ti tó?"

Kò sẹ́ni tó bi mí bẹ́ẹ̀ rí. Lọ́dọ̀ tiwa, orin kì í tán fúnra rẹ̀, àfi kí ẹnì kan lé òmíràn lé e lórí. Mi ò mọ bí màá ṣe sọ ìyẹn.

"Ẹ má ṣèyọnu, mà," ni mo wí.

Lọ́jọ́ ìkórè, iṣu àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ kún iwájú pẹpẹ. Àǹtí òyìnbó kọ ẹsẹ rẹ̀, ó dákẹ́, ó wò mí. Mo lanu. Nǹkan kan ò jáde. Ó rò pé mi ò tíì múra tán, ló bá tún un kọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó dákẹ́, ó wò mí. Mo wo iṣu. Ó tún un kọ.

Ibẹ̀ ni ìjọ ti ṣì í mú. Ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, ẹni tó bá ń tún orin kan náà kọ, tó ń dákẹ́ síbi kan náà, tó sì ń wojú èèyàn, ẹ̀gbè ló ń tọrọ. Àánú àlejò ṣe àwọn ìyá tó wà níwájú. Ìyá elépo kan ló kọ́kọ́ gbè é: "Àánú rẹ kò sùn!" Gbogbo ìjọ gbà á. Àkúbà wọlé, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ wọlé. Wọ́n ń jó bọ̀ síwájú, wọ́n ru iṣu.

Inú àǹtí òyìnbó kọ́kọ́ dùn. Nígbà tó yá, ó fẹ́ parí rẹ̀. Ó kọ ìlà ìparí jẹ́jẹ́, ó fọwọ́ bo okùn jìtá, ó tẹrí ba. Ìjọ gbè é. Ó tún tẹrí ba. Wọ́n rò pé ijó ni, àwọn náà tẹrí ba.

"Ẹ jọ̀ọ́," ló wí fún mi, òógùn bo ojú rẹ̀, "báwo ni wọ́n ṣe ń dá a dúró?"

Mo wo pásítọ̀. Ó ti dijú, ó ń jó. Mo wo olórí akọrin. Agogo ló ń lù. Ìka obìnrin náà ti pọ́n, ohùn rẹ̀ sì ti ń há. Mo fa máìkì kúrò níwájú rẹ̀, mo lé orin tó yẹ kí n ti lé tipẹ́. Ohùn mi gbọ̀n lórí ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́, ó dúró lórí ìkejì. Ìjọ fi tirẹ̀ sílẹ̀, wọ́n gbe tèmi. Àǹtí òyìnbó jókòó lé àpò gààrí tí ìyá mi mú wá fún ìkórè.

Nígbà tí a tún pàdé láti ṣe ìgbáradì, olórí akọrin pè mí síwájú.

"Ṣé o lé e àbí o ò lé e?"

"Mo lé e, sà."

"Ìgbà wo?"

"Nígbà tó yá, sà."

Àwọn akọrin rẹ́rìn-ín. Òun kò rẹ́rìn-ín. Ó rò ó bí ẹni ń wá ibi tí táyà ti jò.

"Ó gba atẹ́gùn níkẹyìn," ló wí. "Máa wọ aṣọ rẹ. Ṣùgbọ́n ìparí nìkan ni tìrẹ. Orin tó bá ti pẹ́ jù, ìwọ ni kó o fi òmíràn gbà á."

Orin olórí akọrin fúnra rẹ̀ ló máa ń pẹ́ jù. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, òun ni mo kọ́kọ́ dá dúró.