Ìwé Èsì Tí Mo Fọwọ́ Sí

Lọ́dún tí ẹgbẹ́ wa kọ́kọ́ fìdí rẹmi, mo purọ́ fún èèyàn tó pọ̀, mi ò sì mọ̀ pé irọ́ ni mò ń pa. Ibẹ̀ ló yẹ kí n ti bẹ̀rẹ̀, torí tí mo bá bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ tí mo fọwọ́ sí ìwé, ẹ óò rò pé ọjọ́ kan ṣoṣo ni mo bàjẹ́.

Agboolé wa wà ní Gàmbàrí, lẹ́yìn mọ́sáláásí kékeré kan. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, ọmọ ìyá mi, ló ń kọ́ àwọn ọmọdé ní kéwú ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ iwájú ilé. Àfáà ni gbogbo àdúgbò ń pè é, èmi náà sì ń pè é bẹ́ẹ̀. Èmi ní ṣọ́ọ̀bù fọ́tòkọ́pì ní Tanke, níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti máa ń wá tẹ iṣẹ́ wọn. Ẹgbẹ́ òṣèlú kan náà ni gbogbo ilé wa ń ṣe látìgbà tí bàbá wa ti wà láyé. Kò sẹ́ni tó jókòó rò ó. Bí a ṣe bá a nìyẹn.

Mo ní ọ̀rẹ́ kan àtikékeré tó ń ránṣọ ní ojúlé kẹta sí tiwa. Ẹgbẹ́ kejì ló ń ṣe, torí ohun tí wọ́n ń ṣe nílé ọkọ rẹ̀ nìyẹn. Ẹ̀fẹ̀ la máa ń fi ọ̀rọ̀ náà ṣe. Tó bá ń wọn aṣọ fún mi, á ní òun máa rán an kó fún mi lọ́rùn kí n má baà lè pariwo orúkọ ẹgbẹ́ mi.

Lọ́dún tí mo ń wí yìí, a jọ tò sórí ìlà ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó wà nítòsí wa. A dìbò, wọ́n kà á níṣojú gbogbo wa, kò síjà, kò sí ariwo. Lọ́jọ́ kejì, rédíò kéde pé ẹgbẹ́ wa ti fìdí rẹmi ní gbogbo ìpínlẹ̀. Àfáà pa kéwú tì, ó dìde láàárín àwọn ọmọdé.

"Wọ́n jí i," ó ní. "Ọlọ́hun gbọ́, wọ́n jí i."

Ó dá mi lójú lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Mi ò bi í pé níbo, mi ò bi í pé ta ló rí i. Inú mi ti bàjẹ́ láti àárọ̀, mi ò sì rí ohun tí mo lè dì mú. Ọ̀rọ̀ Àfáà ni mo rí dì mú. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn, oníbàárà mi kan sọ pé òun gbọ́ pé wọ́n kó àwọn ọmọ kéékèèké lọ dìbò ní abúlé kan. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kẹta, mo ti ń sọ ọ́ fún ẹlòmíràn bí ẹni tó wà níbẹ̀. Mo tiẹ̀ sọ àwọ̀ aṣọ ilé ìwé tí àwọn ọmọ náà wọ̀. Ibo ni mo ti rí àwọ̀ aṣọ? Ó kàn jáde lẹ́nu mi ni, ó sì dùn ún gbọ́, ni mo bá ń sọ ọ́ lọ.

Ọ̀rẹ́ mi nìkan ló bi mí léèrè. Mo lọ gba aṣọ lọ́dọ̀ rẹ̀, mo sì ń sọ ìtàn yẹn fún obìnrin kan tó ń dúró de bùbá. Ó dá ẹsẹ̀ dúró lórí ẹ̀rọ ìránṣọ.

"Ṣé ojú rẹ ló rí i?"

"Gbogbo ayé ló mọ̀."

"Mi ò bi ọ́ nípa gbogbo ayé. Ìwọ ni mò ń bi."

"Ẹgbẹ́ tìẹ ló wọlé, òun ni gbogbo ẹ̀ fi dáa lójú rẹ."

"Ìbò yẹn mọ́," ó ní. "Látìgbà tí mo ti ń dìbò, mi ò rí èyí tó mọ́ tó o."

Òun náà kò kúrò ní ilé ìwé yẹn lọ́jọ́ ìdìbò. Kò rí ju ohun tí èmi rí lọ, bẹ́ẹ̀ ló ń búra fún gbogbo ìpínlẹ̀. Èmi kò rò ó bẹ́ẹ̀ nígbà náà. Mo gbé aṣọ mi, mo jáde, ó sì tó oṣù méjì kí a tó tún jókòó pọ̀.

Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà, ẹgbẹ́ ní kí n ṣe ejẹ́ǹtì àwọn ní yúníìtì wa, ibùdó ìdìbò tó wà ní ilé ìwé yẹn. Iṣẹ́ ejẹ́ǹtì ni pé kó jókòó ti àwọn elétò ìdìbò láti àárọ̀, kó máa ṣọ́ ọ pé nǹkan ń lọ déédéé, kó sì fọwọ́ sí ìwé èsì tí wọ́n bá ti ka ìbò tán. Ọ̀rẹ́ mi ni ẹgbẹ́ kejì yàn. Inú mi dùn pé òun ni. Bẹ́ǹṣì kan náà la jókòó sí. Ó gbé wàrà díndín wá nínú ike, a jọ jẹ ẹ́. Nígbà tí oòrùn mú, ó tú ìborùn rẹ̀, ó fi bo orí àwa méjèèjì.

Ọjọ́ náà dára títí di ìrọ̀lẹ́. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yẹ ìka wò kò mọ ìka ìyá arúgbó kan. Ìyá náà nu ìka mọ́ ìró títí, ẹ̀rọ kọ̀. Olórí àwọn elétò ní yúníìtì wa, obìnrin olùkọ́ kan tó máa ń sọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, wá gbé ẹ̀rọ náà sójú ìyá, ó sì mọ̀ ọ́n. Gbogbo ìlà pàtẹ́wọ́. Kò sẹ́ni tó bèèrè ẹgbẹ́ tí ìyá náà ń ṣe.

Lẹ́yìn ìrun àsárì, wọ́n da àpótí, wọ́n kà á sókè. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi ń kà á tẹ̀lé wọn. Wọ́n borí wa. Ìyàtọ̀ náà kò tó àádọ́ta ìbò, ṣùgbọ́n kò sí màgòmágó nínú rẹ̀. Ó dùn mí, mo sì mọ̀ pé bó ṣe rí nìyẹn. Obìnrin olùkọ́ kọ ọ́ sínú ìwé, ọ̀rẹ́ mi fi fóònù rẹ̀ ya á. A kò tíì fọwọ́ sí i nígbà tí ọkọ̀ kan dúró lẹ́nu géètì.

Àwọn ọkùnrin mẹ́ta tí mi ò mọ̀ rí ló bọ́ sílẹ̀. Ẹnìkẹrin wọn ni Àfáà. Wọ́n ní àṣìṣe wà nínú ìwé náà, wọ́n ní kí olùkọ́ tẹ̀lé àwọn wọ inú kíláàsì kan. Wọ́n tilẹ̀kùn. Àfáà dúró síta, ó ń ka tẹ̀sùbáà, kò wo ibi tí mo wà. Nígbà tí obìnrin náà jáde, ojú rẹ̀ ti yí padà. Ìwé mìíràn ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Àwa la borí nínú ìyẹn.

"Ẹ wá fọwọ́ sí i," ó ní.

Ọ̀rẹ́ mi ló kọ́kọ́ wò ó. "Èyí kọ́ la kà."

Ó yíjú sí mi. "Sọ fún wọn. Ìwọ la jọ kà á."

Mo wo Àfáà. Ó sún mọ́ mi, ó rẹ ohùn sílẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe tó bá ń ṣàlàyé ọ̀rọ̀ fún ọmọ kéwú.

"Fọwọ́ sí i, àbúrò mi. Ohun tí wọ́n ṣe fún wa lọ́jọ́sí náà nìyí. Tiwa la fẹ́ gbà padà."

"Àfáà, àwọn ló wọlé níbí."

"Níbí. Ṣé ibí nìkan ni ìpínlẹ̀? Ṣé o mọ ohun tí wọ́n ń ṣe lọ́wọ́ báyìí níbòmíràn? Fọwọ́ sí i, ká máa lọ sílé."

Mo fọwọ́ sí i. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn mí. Ìgbà tí mo bá ń sọ ọ́ fún ara mi, mo máa ń wá ọwọ́ ẹni tó dì mí lápá mú, mi ò rí i. Àwọn ọmọdé tí mo fi àwọ̀ aṣọ wọn purọ́ lọ́dún mẹ́rin sẹ́yìn ni mo rò, mo sì tún gbà wọ́n gbọ́.

Ọ̀rẹ́ mi kọ̀. Ó ní fọ́tò ìwé tòótọ́ wà lọ́wọ́ òun. Ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin náà já fóònù gbà, ó là á mọ́ sìmẹ́ǹtì. Ọ̀rẹ́ mi bẹ̀rẹ̀ láti ṣà á. Ọkùnrin náà gbé bàtà lé e, ó tẹ̀ ẹ́, ọwọ́ ọ̀tún ọ̀rẹ́ mi sì wà lórí fóònù náà. Mo gbọ́ bí egungun ṣe dún. Àfáà ní, "Subuhánálláhì, ẹ rọra," ó sì tún sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì, ṣùgbọ́n kò sún kúrò níbi tó dúró sí. Èmi náà kò sún.

Ìka méjì ló dá. Wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ oníṣègùn egungun, ìka náà jinná, ṣùgbọ́n ó jinná wíwọ́. Kò lè di sísọ́ọ̀sì mú mọ́.

Nígbà tí wọ́n kéde pé ẹgbẹ́ wa ti wọlé, àwọn èèyàn àdúgbò wa jó ijó ayọ̀. Ó wá dà bí ẹni pé gbogbo wa pààrọ̀ ẹnu. Àwọn tó ti ń ké olè fún ọdún mẹ́rin ní ìbò yìí mọ́, àwọn tó ti ní kò sí ìbò tó mọ́ tó ti àtijọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ké olè. Àfáà ṣe wáàsí ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa pé kádàrá ni ìjọba, kí ẹni tó pàdánù ní sùúrù. Mo jókòó lẹ́yìn àwọn obìnrin, mo ń gbọ́. Èmi rántí bó ṣe dìde láàárín àwọn ọmọdé lọ́jọ́sí, mo sì rò pé kò rántí.

Ẹgbẹ́ kejì gbé ẹjọ́ lọ sí kóòtù ìdìbò. Níjọ́ kan, ọ̀dọ́bìnrin kan láti ọ́fíìsì lọ́yà gbé ìdì ìwé wá sí ṣọ́ọ̀bù mi ní Tanke kí n ṣe é ní ẹ̀dà mẹ́fà-mẹ́fà. Kò mọ̀ mí. Ìwé èsì oríṣiríṣi yúníìtì ni. Mò ń ki wọ́n bọ ẹ̀rọ lọ́kọ̀ọ̀kan títí tí mo fi kan tiwa. Mo rí ìfọwọ́sí mi nísàlẹ̀ rẹ̀, ó tẹ́jú, ó mọ́, kò gbọ̀n rárá. Ibi tó yẹ kí ti ọ̀rẹ́ mi wà ṣófo. Mo ṣe ẹ̀dà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, mo tò ó, mo gbé e fún un.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e ni ọ̀rẹ́ mi fúnra rẹ̀ wá. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, ó fi ọwọ́ náà pamọ́ sábẹ́ ìborùn.

"Lọ́yà wa ní kí n wá bá ọ," ó ní. "Mi ò ní kí o wá bú ẹgbẹ́ yín. Kí o kàn wá sọ iye tí a kà."

"Àfáà ńkọ́?"

"Àfáà kọ́ ló kà á."

Mo ní kó jẹ́ kí n rò ó. Ó ní òun gbọ́. Títí wọ́n fi parí ẹjọ́, mi ò lọ. Ní ti yúníìtì wa, àwọn adájọ́ ní ẹ̀rí ẹnì kan kò lè borí ìwé tí èmi àti obìnrin olùkọ́ ti fọwọ́ sí. Bí gbogbo ẹjọ́ náà ṣe túká nìyẹn.

Lẹ́yìn ẹ̀, Àfáà wá bá mi níbi tí mo ti ń ṣa ìrẹsì. Ó ti kíyè sí i pé mi ò bá a sọ̀rọ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀.

"Fọkàn balẹ̀," ó ní. "Tí a bá tiẹ̀ yọ yúníìtì wa kúrò, àwa náà la máa wọlé. Ìyàtọ̀ yẹn pọ̀."

"Kí wá nìdí tí ẹ fi wá sí ilé ìwé lọ́jọ́ yẹn?"

Ó fa tẹ̀sùbáà rẹ̀ yọ. Mo bi í pé, "Ti ìgbà àkọ́kọ́, tí ẹ ní wọ́n jí i, kí lẹ rí?"

"Gbogbo ayé ló mọ̀."

"Kí lẹ̀yin rí, Àfáà?"

Ojú rẹ̀ kò le, ó kàn rẹ̀ ẹ́. Ó ní òun fẹ́ lọ ṣe àlùwàlá. Látìgbà yẹn, a ń kíra, a ń jẹun nínú ilé kan náà, a kò tún sọ ọ́ mọ́.

Ọ̀rẹ́ mi kúrò ní Gàmbàrí. Ó lọ ń gbé ní Ṣàngó, ó ń ta òwú, bọ́tìnì àti sípì fún àwọn aránṣọ. Ó pẹ́ kí n tó lè lọ bẹ̀ ẹ́. Lọ́jọ́ tí mo máa lọ, mo jókòó ní ṣọ́ọ̀bù mi, mo kọ gbogbo rẹ̀ sínú bébà kan: iye tí a kà, àwọn tó wá, ohun tí mo ṣe. Mo fọwọ́ sí i.

Ó bu omi fún mi. Ó ka ìwé náà tán, ó tún padà sí ibi tí iye ìbò wà.

"Bó ṣe jẹ́ nìyí," ó ní. "O rántí rẹ̀ dáadáa."

"Jọ̀ọ́, dárí jì mí."

"Mo ti dárí jì ọ́ tipẹ́, kí n lè máa rí oorun sùn." Ó ká ìwé náà. "Ṣùgbọ́n ta ni kí n gbé èyí fún báyìí? Wọ́n ti tú kóòtù ká."

Aránṣọ kan wọlé, ó bèèrè sípì dúdú. Ọ̀rẹ́ mi fi ọwọ́ òsì wá a nínú àpótí, ó pẹ́ kó tó rí i. Mo dìde láti bá a wá a, ó ní kí n jókòó. Nígbà tí aránṣọ náà lọ tán, ó ní kí n tètè máa lọ, kẹ̀kẹ́ máa ń ṣọ̀wọ́n lójú ọ̀nà yẹn tí ilẹ̀ bá ti ń ṣú. Ó kí mi pé ó dàbọ̀ láti orí àga rẹ̀. Kò sìn mí sọ́nà.