Ìbejì Tí Kọ̀ǹpútà Sọ Di Ẹnìkan

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń tọ́jú àkọsílẹ̀ aláìsàn nílé ìwòsàn kan lọ́nà Rayfield ní Jos, mo sì ti rí oríṣiríṣi ọlọ́gbọ́n tó wá tún ayé wa ṣe. Èyí tí mò ń sọ yìí ti Àbújá wá. Ó ní fáìlì wa sanra jù. Ó pàṣẹ pé bí orúkọ ìdílé, ọjọ́ ìbí àti àdírẹ́sì ènìyàn méjì bá bára mu, kí a pa ọ̀kan rẹ́.

Yorùbá ni òun, Yorùbá ni èmi, Yorùbá tí wọ́n bí sí Jos ni akọ̀wé tó tẹ bọ́tìnnì. Kò sí ìdílé wa tí kò ní ìbejì, síbẹ̀ kò sẹ́ni tó rántí ìbejì nínú wa. Inú wa ń dùn pé aláìsàn ń dín kù láìjẹ́ pé a wo ẹnikẹ́ni sàn.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, obìnrin kan ti abúlé Du wá fún iṣẹ́ abẹ. Akọ̀wé wá orúkọ rẹ̀ títí. Èkejì rẹ̀ tó sìn ín wá nìkan ni kọ̀ǹpútà mọ̀.

"Màmá, ẹ ò sí níbí."

"Haba! Ta ló wá jókòó síwájú ẹ yìí?"

Èkejì rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. "Mo ti ń sọ fún un láti kékeré pé èmi nìkan ni ìyá wa bí."

Dókítà ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ti fún obìnrin yìí ní oògùn kan rí tí ọ̀fun rẹ̀ fi wú, tí èémí fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Inú àkọsílẹ̀ rẹ̀ nìkan ni orúkọ oògùn náà wà. A bi í léèrè, ó ní abẹ́rẹ́ ni, ó sì dun òun gan-an. Gbogbo abẹ́rẹ́ wa ló ń dunni. Ẹ̀dà fáìlì tí a fi pamọ́ ńkọ́? Ọlọ́gbọ́n wa ti pa ìyẹn náà rẹ́, ó ní ó ń gba àyè.

Ṣùgbọ́n ọ̀lẹ ni kọ̀ǹpútà. Bí o bá ní kó pa àkọsílẹ̀ rẹ́, orúkọ ló máa yọ kúrò lára atọ́ka tó fi ń wá ènìyàn, á wá sàmì sí àyè náà pé ó ṣófo. Ó dà bíi lánlọ́ọ̀dù àdúgbò Anglo Jos tó pa orúkọ ayálégbé rẹ́ lára ògiri, tí ẹrù onítọ̀hún ṣì wà nínú yàrá. Ayálégbé tuntun ló máa kó ẹrù náà dànù, àfi bí lánlọ́ọ̀dù bá kó gbogbo èèyàn sápá kan, tó wó yàrá tó kù. Wíwó yẹn gan-an ni ọlọ́gbọ́n wa fẹ́ ṣe lójú àwọn aláṣẹ lọ́jọ́ náà.

Mo ní kí akọ̀wé má forúkọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀ mọ́. Èrò tò sójú fèrèsé, wọ́n ń kùn. Mo lọ bá ọkùnrin Àbújá náà.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró ná."

"Ṣé ẹ mọ bí àyè tí à ń fi ṣòfò ṣe pọ̀ tó?"

"Mo mọ̀, sà. Èèyàn wà nínú ọ̀kan."

Ó wo aago, ó jókòó.

Mo ṣí fáìlì náà láìgba ti atọ́ka, mo ń ka àwọn àyè òfìfo lọ́kọ̀ọ̀kan títí ojú fi ń ro mí. Ọmọ ìkókó kan tí a forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní kùtùkùtù ti kó wọ ọ̀kan nínú wọn. Ọmọ ìkókó ò ní ìtàn gígùn, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ò kún àyè náà. Nísàlẹ̀ rẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn ṣẹ́ kù: ọ̀fun tó wú, àti orúkọ oògùn kan. Orúkọ aláìsàn ti lọ.

"Báwo la ṣe mọ̀ pé tirẹ̀ ni?" dókítà bi mí.

Mo ka ìyókù sókè: arábìnrin aláìsàn ń sunkún, ó kọ̀ láti kúrò lẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì.

"Irọ́ ni," èkejì sọ. "Èmi ò sunkún."

"O sunkún," obìnrin náà dáhùn. "O tún fi ìborí mi nu imú."

Dókítà kọ orúkọ oògùn náà sílẹ̀, ó fa igi lé e pé a ò gbọdọ̀ fún un.

Ọlọ́gbọ́n wa wó àwọn yàrá òfìfo rẹ̀ lọ́sàn-án, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Nírọ̀lẹ́, wọ́n gbé obìnrin náà jáde lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ó ń mí geere. Èkejì rẹ̀ wá dúró sí ẹ̀gbẹ́ tábìlì mi, kò ṣẹ̀fẹ̀ mọ́.

"Ẹ tún àkọsílẹ̀ rẹ̀ kọ. Ẹ jẹ́ kí n máa wò yín."

Ó rẹ̀ mí. Mo fa àga kan fún un, mo bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́ láti orí orúkọ.