Túwó Aláìníyọ̀ àti Ẹsẹ̀ Sárkí

Ohun tó kọ́kọ́ fu mí lára ni pé Sárkí ò dìde. Àgbò bàbá mi ni. Bí mo bá ti ru ewé ẹ̀pà gbígbẹ jáde láàárọ̀, òun ni í kọ́kọ́ kí mi, á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ já okùn. Lọ́jọ́ yẹn, ó kàn ń wò mí ni. Mo tì í nídìí, ó gbìyànjú, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ méjèèjì gbọ̀n, ó sì tún jókòó. Mo ní, "Ìwọ yìí, ìgbà wo lo di ọ̀lẹ?" Ṣùgbọ́n àyà mi ti já, torí mo ti rí ẹsẹ̀ tó ń gbọ̀n báyẹn rí, lára bàbá mi.

Lọ́dún tó kọjá ni ẹ̀jẹ̀ ríru dá Bàbá wó nínú ilé wa ládùúgbò Kukuo yìí, ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ ò sì gbé e mọ́. Wọ́n ní lọ́sibítù pé kó máa rìn lójoojúmọ́, kó má sì fi iyọ̀ kan ẹnu. Alfa àgbà tó ti fi gbogbo ayé rẹ̀ kọ́ ọmọ ní kéwú, ẹ wá ní kó máa yí àgbàlá po bí ẹni tí nǹkan sọnù fún? Ó kọ̀ jálẹ̀. Ìgbà tí a ra Sárkí, tí a so ó mọ́ ìdí dóńgóyárò, ló tó bẹ̀rẹ̀ sí í dìde. Á mú ọ̀pá, á fi ewé há abíyá, á lọ bọ́ àgbò rẹ̀, á padà, á tún lọ. Bí Sárkí bá kú, mo mọ ẹni tí kò ní kúrò lórí àga mọ́.

Kó tó di ọ̀sán, alápatà àdúgbò ti gbọ́, ó ti dé. Kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ó ní ká jẹ́ kí òun dú u, kó má lọ di òkú ńbete mọ́ wa lọ́wọ́. Bàbá kàn ń fa tẹ̀sùbáà rẹ̀. Mo bẹ alápatà pé kó fún wa di ọ̀la, mo sì pe dókítà ẹran tó wà ní Lamashegu.

Ọmọ Dagomba, ẹ̀yà onílé ibí, ni dókítà, ọkùnrin jẹ́jẹ́. Hausa ni wọ́n ń sọ, òun àti Bàbá. Ó yẹ àárín pátákò wò bóyá ẹ̀gún wọ̀ ọ́, ó wá eégbọn nínú etí àti abẹ́ ìrù, ó ká oríkèé kọ̀ọ̀kan. Ó ní kí n fọwọ́ kan pátákò. Ó gbóná bí ife ògì. Ó wá ti ikùn òsì rẹ̀ wò, omi ń dún níbẹ̀ bí ìgbà tí a bá mi jálá tí kò kún. Ìgbẹ́ rẹ̀ ṣàn, ó sì ń rùn kíkan.

Ó béèrè ohun tó ń jẹ. Mo ní ewé ẹ̀pà ni, àti èèpo iṣu díẹ̀.

"Ẹran yìí ń jẹ àgbàdo," ó ní.

Mo fẹ́ máa búra. Bàbá wúkọ́. "Èmi ni mò ń fún un ní túwó."

Túwó wo? Túwó àgbàdo tèmi. Èyí tí mò ń rò fún un lọ́sàn-án lálẹ́, tí abọ́ ń padà wá ní fífọ̀, tí mò ń yangàn fún àwọn àbúrò mi lórí fóònù pé Bàbá ti ń jẹun. Abájọ tó ń rù. "Rámátù," ó ní, "túwó láìníyọ̀, ọbẹ̀ ayóyo, ewédú tiwa, láìníyọ̀. Mi ò fẹ́ bà ọ́ nínú jẹ́ ni." Inú bí mi gan-an, ẹ̀rín sì tún ń pa mí.

Kí ẹ lè dá a mọ̀ bó bá ṣe tiyín: ikùn àgùntàn ní yàrá mẹ́rin, èyí tó tóbi jù ni koríko ti ń rà díẹ̀díẹ̀. Bí oúnjẹ ìyẹ̀fun bá pọ̀ níbẹ̀, yóò kan, kíkan náà á sì bá ẹ̀jẹ̀ lọ dé inú pátákò. Pátákò á gbóná, á máa ro ó, ara á rọ. Ẹsẹ̀ là ń wò, inú ni àìsàn wà.

Dókítà po sódà àwọn oníbúrẹ́dì mọ́ omi, ó rọ ọ́ sí i lẹ́nu díẹ̀díẹ̀ kó má baà pá a lórí. Ó fún un ní abẹ́rẹ́ fítámìnì àti ti ìrora. Ó ní koríko gbígbẹ nìkan ni kó máa jẹ. Kó má sì nà gbalaja, kí afẹ́fẹ́ má baà há sí i níkùn. Ó ní ká fi àpò yanrìn tì í kó lè fàyà jókòó, ká sì máa yí i. Mo ṣe gbogbo rẹ̀, ọwọ́ mi bó.

Bàbá gbé ẹní lọ sábẹ́ dóńgóyárò. Bí wọ́n ṣe ń wọ́ ẹsẹ̀ tirẹ̀ lọ́sibítù, bẹ́ẹ̀ ló ń wọ́ ti Sárkí, ó sì ń fi ọ̀rọ̀ nọ́ọ̀sì tí òun fúnra rẹ̀ máa ń bínú sí nígbà náà bá a wí: "Tẹ̀ ẹ́. Má bẹ̀rù. Tẹ̀ ẹ́." Díẹ̀díẹ̀ ni Sárkí fi tẹ̀ ẹ́. Ó kọ́kọ́ fi orúnkún rìn, ó tiro fún ìgbà díẹ̀, nígbà tó yá ó kan ìdí bokítì mi, omi dà nù. Mo dúpẹ́ fún omi tó dà yẹn.

Èmi náà ti kọ́ bí a ṣe ń fi irú, ata àti ọsàn wẹ́wẹ́ rọ́pò iyọ̀. Ojú mi báyìí ni Bàbá ti ń jẹun, ara rẹ̀ sì ti ń padà sípò. Bí Sárkí bá gbóòórùn túwó, á ké. Bàbá á ní, "Jẹ tìrẹ, kí n jẹ tèmi." Mo wá rí i pé ara ò ṣe é tàn, ohun tí a bá fún un àti ohun tí a bá fi dù ú, yóò sọ ọ́ síta. Alhamdulillahi, tiwa tètè sọ.

Nígbà tí Iléyá ku sí dẹ̀dẹ̀, alápatà tún yà. Ó wo Sárkí tó ń sanra, ó ní èyí ti yẹ fún ọdún báyìí, kò tiro mọ́. Bàbá mú ọ̀pá, ó fi ewé há abíyá, ó ní àgbò mìíràn la ó pa.

"Èyí, ẹsẹ̀ mi ni. Ta ní ń dú ẹsẹ̀ ara rẹ̀?"