Yàrá Tí Gbẹ́nàgbẹ́nà Náà Kò Parí

Mo rántí òórùn pákó yàrá yẹn ju bí mo ṣe rántí ojú ọ̀pọ̀ ènìyàn tí mo mọ̀ nígbà náà lọ. Bí oòrùn ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn bá ti pa òrùlé, pákó á bẹ̀rẹ̀ sí í ta sánsán bí ẹni pé àná ni wọ́n là á, bẹ́ẹ̀ ilé náà dàgbà ju ìyá tó bí ìyá mi lọ. South Shore ló wà, ní Chicago, kò jìnnà sí etí adágún. Ilé pákó ni látòkè délẹ̀. Wọ́n gbẹ́ òdòdó sára òpó ọ̀dẹ̀dẹ̀ iwájú, àtẹ̀gùn inú rẹ̀ sì ń dán. Yàrá òkè tí èmi àti ọkọ mi háyà nìkan ni wọn kò rẹ́: igi ara ògiri yọ síta gbangba bí egungun ìhà. Bí ìgbà òtútù bá dé, a ó ta bùláńkẹ́ẹ̀tì bo ògiri, a ó sì máa gbọ̀n lábẹ́ èyí tó kù.

Arúgbó obìnrin òyìnbó kan ló ni ilé náà, òun ni àbígbẹ̀yìn fún ọkùnrin tó kọ́ ọ. Àwọn òyìnbó àdúgbò ti kó lọ tán, òun nìkan ló kù láàárín àwa aláwọ̀ dúdú. Màmá Onílé là ń pè é. Lọ́jọ́ kan tí mo ti ibi iṣẹ́ dé, mo bi í pé kí ló dé tí yàrá wa fi rí bẹ́ẹ̀. Ó ní gbẹ́nàgbẹ́nà ni bàbá òun, ó wọkọ̀ ojú omi wá láti ìlú olótùútù kan. Bó ṣe ń kọ́ ilé náà ló ń sọ fún gbogbo ayé pé òun kò ní pẹ́ padà sílé. Yàrá òkè lòun máa parí kẹ́yìn. Ọjọ́ tóun bá parí rẹ̀ lòun máa ta ilé, tóun á kó ìyàwó àtàwọn ọmọ lọ. Lọ́dọọdún, bí yìnyín bá ti yọ́, á gbé òòlù gòkè. Kò ní pẹ́ tí á fi sọ̀ kalẹ̀, á ní orí ń fọ́ òun.

“Ẹ̀rù ń bà á láti lọ,” Màmá Onílé wí, “ojú sì ń tì í láti sọ pé òun ò lọ mọ́. Bó ṣe kú nìyẹn.”

Ẹ wo bí mo ṣe rẹ́rìn-ín nígbà tí mo ń ròyìn rẹ̀ fún ọkọ mi! Gbẹ́nàgbẹ́nà tí kò lè parí ilé ara rẹ̀! Ọmọdé ni mí, mo sì rò pé mo gbọ́n. Àwa náà kúkú ń lọ sílé ní tiwa. Gbogbo àwa ọmọ Yorùbá tí a jọ wà ní Chicago nígbà yẹn ló ń lọ lọ́dún tó ń bọ̀. Torí bẹ́ẹ̀ la ò ṣe ra àga gidi, a ò kan ìṣó kankan mọ́ ògiri, inú àpótí ni aṣọ wa ń gbé. Ohun tí ọkọ mi bá rí nídìí takisí tó ń wà, ilé tí a ń kọ́ nílé ló ń bá lọ, búlọ́ọ̀kù lónìí, páànù lọ́la.

Nígbà tí ọmọbìnrin wa bẹ̀rẹ̀ sí í rìn, ẹsẹ̀ Màmá Onílé ò lè gbé e gun àtẹ̀gùn mọ́. Ó pè wá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó ní ilé ìtọ́jú arúgbó lòun ń lọ, òun ò sì fẹ́ kí ilé bàbá òun bọ́ sọ́wọ́ ẹni tí á wó o. Kí àwa rà á, kí a máa san án díẹ̀díẹ̀ bí agbára wa bá ṣe mọ. Ohun kan ṣoṣo tóun ń bẹ̀bẹ̀ fún ni kí a bá bàbá òun parí yàrá yẹn.

Ọkọ mi tẹríba, ó dúpẹ́, ó ní a ò ní pẹ́ lọ.

“Dádì, ilé yìí mà dára o,” mo sọ fún un nígbà tí a gòkè.

“Ó dára. Kí la fẹ́ fi house ṣe níbí? Àjò kì í dùn kónílé má relé. Next year, by God's grace, a ti wà nílé.”

Mo ṣe àmín. Mo ti ń ro aṣọ tí mo máa wọ̀ sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ òfuurufú.

Ẹlòmíràn ra ilé náà, kò sì pẹ́ tó fi wó o palẹ̀. A wa takisí kọjá níbẹ̀, a rí pákó tí wọ́n kó jọ bí igi ìdáná, òpó olódòdó wà lórí rẹ̀. Nígbà tí mo lọ kí Màmá Onílé, ohun tó kọ́kọ́ bi mí ni pé ṣé ẹni tó ra ilé ti parí yàrá bàbá òun. Mo ní ó ti parí rẹ̀, ó ti kùn ún ní funfun. Ó di ọwọ́ mi mú, ó ní ọkàn òun balẹ̀.

Nílé, nǹkan dẹnu kọlẹ̀. Àwọn tó ti lọ ń kọ̀wé sí wa pé ká ṣì ní sùúrù. A ní sùúrù, ọdún ń gorí ọdún, ọkọ mi sì ń sọ “next year” títí àìsàn fi dá a dúbúlẹ̀. Ilẹ̀ Chicago la sin ín sí. Ilé tó kọ́ nílé ti ní òrùlé, ṣùgbọ́n wọn ò tíì rẹ́ yàrá òkè, kò sì sun ibẹ̀ rí. Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn. Ó dùn mí pé ọkọ mi ṣiṣẹ́ títí, kò gbé inú ilé ara rẹ̀ rí, kì í ṣe níhìn-ín, kì í ṣe lọ́hùn-ún.

Rogers Park ni mò ń gbé báyìí, ní Chicago kan náà. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọ mi gbé fọ́tò bàbá rẹ̀ wá, ó ti fi férémù sí i, ó sì mú òòlù dání. Kí n tó mọ ohun tí mò ń sọ, mo ti figbe ta:

“Má kan ìṣó mọ́ ògiri yẹn o! A ò ní pẹ́ kó lọ.”

Ó yíjú sí mi.

“Mummy, níbo là ń lọ?”

Òòlù ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.