Kókó Abẹ́ Abíyá Zuwera

Ní Ungwan Shanu, àdúgbò kan ní Kàdúná, bí ọmọge bá fẹ́ relé ọkọ, Zuwera ni wọ́n ń pè kó wá fi làálì ṣe é lọ́wọ́ lẹ́sẹ̀. Ọmọ Ìlọrin ni, ṣùgbọ́n Kàdúná ló dàgbà sí, iṣẹ́ làálì ló sì fi ń jẹun.

Ọdún tí Ameerah ọmọ rẹ̀ wọ yunifásítì ni ìka kékeré ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kú tipiri. Nígbà tó yá, apá bẹ̀rẹ̀ sí í jó o bí iná láti abẹ́ abíyá. Ìlà làálì tó yẹ kó rí tínrín bí irun, gbẹ̀ẹ́rẹ̀ ló ń wọ́ lọ.

Ó mu hàǹtú, omi wàláà tí àáfà fọ̀ fún un, ó gba abẹ́rẹ́. Wọ́n ya àwòrán ọrùn rẹ̀, níbi tí iṣan apá ti ń bẹ̀rẹ̀, wọn ò rí nǹkan kan. Àwọn ará ilé ọkọ ní ọ̀lẹ ni. Yísà ọkọ rẹ̀ ò sọ bẹ́ẹ̀, àmọ́ kò gbèjà rẹ̀.

Dókítà mìíràn ló wá ní, "Ọrùn nìkan ni wọ́n wò, Hajíyà. Iṣan tó gba abẹ́ abíyá lọ sọ́wọ́ gan-an ni kí wọ́n yà. Ọ̀nà tuntun ti wà tí ẹ̀rọ ayàwòrán MRI fi ń rí i."

"Ẹ jẹ́ ká lọ," ni Zuwera wí. Ìbéèrè ti tán lẹ́nu rẹ̀.

Martha, ọmọ Kogí tó ń lo ẹ̀rọ náà, bá Zuwera bọ́ yẹtí àti òrùka, nítorí òòfà ni ẹ̀rọ ọ̀hún. "Ẹ má mira o, Màmá. Iṣan ò tóbi; bí ẹ bá mira, àwòrán á dàrú."

Ẹ̀rọ ń lù gbà-gbà-gbà bí ẹni ń kan páànù. Apá ń jó o, kò mira. Iṣẹ́ ò tíì parí tí iná lọ. Martha fà á jáde.

"Ẹ má bínú, Màmá. Àá tún un yà láti ìbẹ̀rẹ̀ ni."

"Ọmọ mi, ó ti rẹ̀ mí kọjá ìbínú."

Nígbà tí àwòrán jáde, dókítà fi han Zuwera àti Yísà: àwọn iṣan tó funfun bí òwú, ọ̀kan sì wú lábẹ́ abíyá. Kókó kan ló hù sí i lára; kì í ṣe jẹjẹrẹ.

Zuwera tẹjú mọ́ ọn. "Ṣé òun nìyí?"

Yísà sorí kọ́. "Ìyá Ameerah, má bínú."

Zuwera kọjá lára rẹ̀. Ó jókòó sórí bẹ́ńṣì, ó fara ti ògiri, oorun sì gbé e lọ.

Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ, wọ́n yọ kókó náà. Jíjó náà lọ, ṣùgbọ́n ìka ò le tó ti tẹ́lẹ̀. Dókítà ní iṣan kì í tètè sàn. Bí àwọn ìyá ìyàwó bá wá láti àdúgbò Ungwan Dosa wá pè é fún làálì, Zuwera á ní kí wọ́n wá ẹlòmíràn lọ, á ti ilẹ̀kùn, á sì padà sórí ẹní lọ sinmi.