Jákẹ́ẹ̀tì Tí Verna Kostiuk Ò Wọ̀

Òkúta ni wọ́n ń tì lórí yìnyín nínú eré tí wọ́n ń pè ní kọ́líìnì, wọ́n sì ń fi ìgbálẹ̀ gbá ojú ọ̀nà fún un. Bẹ́ẹ̀ ni, àwọn àgbàlagbà tó lórí pípé. Èmi Metro Hnatiuk ti fi ọdún mọ́kàndínlógún wa mọ́tò fún àwọn tó ń ṣe é, ìyàwó mi Stefka sì wà lára wọn, nítorí náà mo lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ̀rọ̀.

Verna Kostiuk, ẹ̀gbọ́n Stefka, ni ọ̀gá ikọ̀ wọn. Ilé ìfìwéránṣẹ́ ìlú wa, Bereza, ló ti ń ṣiṣẹ́. Tí aago márùn-ún bá ti lù, á ti ilẹ̀kùn, ó di gbọ̀ngàn yìnyín. Kò lọ́kọ. Ọkùnrin kan tó ń ta katakata kọnu ìfẹ́ sí i lọ́dún kan, ó wá bi í bóyá á lè fi kọ́líìnì sílẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ Fúráídé nìkan. Verna ní, "Ṣé ara yín yá ṣá?" Ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀.

Ẹni mẹ́rin ni ikọ̀ kan. Bí ẹnì kan bá ti òkúta, àwọn méjì á máa gbá yìnyín níwájú rẹ̀ kó lè jìnnà, ẹnì kẹrin á sì dúró lódìkejì níbi òbìrí ńlá kan tí wọ́n ń pè ní ilé. Òkúta tó bá sún mọ́ àárín ilé jù ló ni àmì ayò. Òfin kan sì wà tí ẹnikẹ́ni kì í ṣọ́: tí ìgbálẹ̀ rẹ tàbí ẹsẹ̀ rẹ bá kan òkúta yín níbi tó ti ń lọ, ìwọ fúnra rẹ lo máa sọ ọ́, wọ́n á sì yọ òkúta náà dànù. Ẹlòmíì kì í bá ọ sọ ọ́. Ẹni tó bá dákẹ́ títí tí ọ̀gá rẹ̀ fi bá a sọ ọ́ lójú gbogbo ayé, kó lọ wá nǹkan míì ṣe, torí kò sẹ́ni tó máa pè é ṣeré mọ́ lágbègbè wa.

Ikọ̀ tó bá gba ife ìpínlẹ̀ Saskatchewan ló ń gba jákẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ ewé, òun ló sì ń lọ bá gbogbo Kánádà díje. Jákẹ́ẹ̀tì yẹn ni Verna ń wá láti ọmọ ogún ọdún. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ló dé àṣekágbá, ẹ̀ẹ̀mẹrin ló wọ kóòtù àtijọ́ rẹ̀ padà sílé. Ní February ọdún 1987, nígbà tó di ẹni ọdún mẹ́tàdínláàádọ́ta, a tún gbé e lọ sí Weyburn fún ìkarùn-ún. Dókítà ti sọ fún un pé orúnkún rẹ̀ ò ní gba ọdún míì. Gbogbo wa la mọ̀ pé èyí ló kẹ́yìn.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, mo gbé ẹyin síwájú rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹun."

"Ìwọ jẹ ẹ́. Tí mo bá gba jákẹ́ẹ̀tì, màá jẹun."

"Mo mọ̀ pé tí wọ́n bá fún yín ní jákẹ́ẹ̀tì yẹn, ẹ máa wọ̀ ọ́ sùn ni."

"Màá wọ̀ ọ́ wẹ̀," ló wí. Kò rẹ́rìn-ín.

Ọmọdébìnrin kan láti Saskatoon, Lorelei Friesen, ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún, ni ọ̀gá ikọ̀ kejì. Ọwọ́ rẹ̀ dá, ká má parọ́. Nígbà tí wọ́n dé ìpele tó kẹ́yìn, márùn-ún sí márùn-ún ni. Òkúta Lorelei kan ti jókòó sínú ilé, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ wà láàárín gan-an. Òkúta kan ṣoṣo ló kù, ti Verna ni. Tó bá wọlé ju ti Lorelei lọ, jákẹ́ẹ̀tì dé. Tí kò bá wọlé, ó tán.

Verna kúnlẹ̀, ó ti òkúta, ó dìde, ó ń yọ̀ tẹ̀lé e pẹ́kípẹ́kí. Stefka àti ẹnì kejì rẹ̀ ń gbá a níwájú.

"Ẹ gbá a! Stefka, gbá a, má sinmi!"

Òkúta náà yí, ó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tó dínà fún un, ó wọlé, ó dúró sí àárín gbùngbùn. Gbọ̀ngàn hó yèè. Mo da kọfí sí ọkùnrin tó jókòó níwájú mi lára, n ò sì bẹ̀ ẹ́.

Lorelei bọ́ ìbọ̀wọ́, ó nawọ́ sí Verna, torí bí wọ́n ṣe ń gbà pé eré ti parí nìyẹn. Verna ò gba ọwọ́ náà. Ó kàn dúró, ó ń wo yìnyín. Mo rò pé ayọ̀ ló gbà á lẹ́nu. Ó dúró pẹ́ débi pé ariwo bẹ̀rẹ̀ sí í rọlẹ̀.

"Rárá o, ọmọ mi," ló wá wí. "Ẹsẹ̀ mi kàn án."

"Ẹsẹ̀ yín, Mà? N ò rí nǹkan kan o."

"Ó kàn án lọ́nà. Ẹ yọ ọ́."

Òun fúnra rẹ̀ ló ti òkúta rẹ̀ kúrò nínú ilé. Mẹ́fà sí márùn-ún, Lorelei ló ni ín.

Ẹni tó bá borí ló ń ra ọtí fún ẹni tó pàdánù. Wọ́n jọ jókòó sídìí tábìlì kan, Lorelei ra wisikí fún un, ó ní, "Mà, ẹ ò bá ti dákẹ́."

"Kí n dákẹ́, kí n wá máa wọ kí ni?"

Stefka ò mu nǹkan kan. Ẹnu ọ̀nà ló dúró sí, ó ti wọ kóòtù.

Aago mẹ́rin la gbéra. Òtútù yẹn lè gé etí. Verna wà níwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, Stefka wà lẹ́yìn. Inú ń bí mi, mo sọ ọ́ jáde.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ dákun, bàtà wo lẹ wọ̀? Ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n lẹ fi ń tẹ̀lé òkúta, òní ni ẹsẹ̀ yín ṣẹ̀ṣẹ̀ gùn?"

"Metro, máa wakọ̀."

"Mò ń wakọ̀. Àní kí ẹsẹ̀ kan ṣoṣo fi..."

"Metro, pa ẹnu ẹ mọ́!" Stefka ló pariwo. "Ìgbálẹ̀ mi ni! Ìgbálẹ̀ mi ló kàn án. Ẹsẹ̀ wọn ò dé ibẹ̀ rárá."

Díẹ̀ ló kù kí n já wa sí kòtò. Ojú tì mí, n ò mọ ibi tí mo fẹ́ wò.

Verna yíjú sẹ́yìn. "Mo dúró dè ọ́, Stefka."

"Mo rí yín."

"Mo dúró pẹ́."

"Mo ní kí ẹ sáà wọ̀ ọ́. Gbogbo ayé yín lẹ fi wá a, Ẹ̀gbọ́n. Torí yín ni mo ṣe dákẹ́."

"Mo mọ̀."

"Kí ló wá dé tí ẹ ò sọ pé èmi ni?"

"Orúnkún tèmi ti parí," Verna wí. "Tí mo bá sọ ọ́, ta ló máa bá ọ ṣeré lọ́dún tó ń bọ̀?"

Stefka bú sẹ́kún. Ó sunkún títí a fi kọjá ìlú Regina, Verna sì na ọwọ́ sẹ́yìn, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú.